Ọ̀bẹ Ọdẹ àti Ọ̀bẹ Àgọ́: Ìbéèrè àti Ìdáhùn Lórí Ìwọ̀n Tó Yẹ

Ní Òkè-Ògùn tí wọ́n ti tọ́ mi dàgbà, ọ̀bẹ ni ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n máa ń fi lé ọmọ ọdẹ lọ́wọ́, ọ̀pọ̀ ọdún sì máa ń kọjá kí ọmọ náà tó fọwọ́ kan ìbọn. Síbẹ̀, nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ òde òní bá ń múra àtiwọ igbó, ọ̀bẹ yìí kan náà ni wọ́n máa ń fojú lásán rà: èyí tó bá gùn jù, tó sì ń kọ mànà jù lórí àtẹ, ni wọ́n á gbé. Mo kó àwọn ìbéèrè tí wọ́n ń bi mí léraléra jọ síbí, mo sì dáhùn wọn bí mo ṣe máa dá àbúrò mi lóhùn.

Ọ̀bẹ tó gùn tó báwo ni kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ kọ́kọ́ rà?

Ẹ ra ọ̀bẹ tí irin rẹ̀ gùn tó sẹ̀ǹtímítà 9 sí 10.5, èyí tó jẹ́ nǹkan bí íńṣì 3.5 sí 4. Bí kò bá sí rúlà nítòsí, ẹ to ìka mẹ́rin pọ̀, ẹ yọ àtàǹpàkò sílẹ̀, kí ẹ sì gbé wọn lé irin ọ̀bẹ náà ní ìbú. Ó yẹ kí irin náà yọ díẹ̀ kọjá ìka tó kẹ́yìn, ṣùgbọ́n kó má fi ju ìbú ìka kan lọ. Mo fẹ́ràn òṣùwọ̀n yìí nítorí pé ọwọ́ tí yóò lo ọ̀bẹ gan-an ni a fi ń wọ̀n ọ́n, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kéré yóò sì gba ọ̀bẹ tó kéré láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ṣe ìṣirò fún un.

Ẹ kíyè sí i pé irin nìkan ni à ń wọ̀n, láti ibi tí èèkù parí sí títí dé ṣóńṣó. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ta ọ̀bẹ máa ń kọ gígùn rẹ̀ lódindi sára páálí, nítorí náà ọ̀bẹ tí wọ́n kọ íńṣì 8.5 sí lè jẹ́ èyí tí irin rẹ̀ kò ju íńṣì 4 lọ, tí gbogbo ìyókù sì jẹ́ èèkù.

Ṣebí ọ̀bẹ tó gùn lè ṣe iṣẹ́ èyí tó kúrú, kí ló dé tí a kò fi ní kúkú ra èyí tó gùn?

Kò lè ṣe é, ó kéré tán kì í ṣe nínú igbó lóru. Ẹ jẹ́ ká wo bí a ṣe ń la inú ọ̀yà. Lẹ́yìn tí a bá ti wì í, tí a sì ti fi ọ̀bẹ họ irun tó jóná kúrò lára rẹ̀, a ó dá a dùbúlẹ̀ kí ikùn rẹ̀ kọjú sókè. A ó fi ṣóńṣó ọ̀bẹ ṣí ojú kékeré kan sí ìsàlẹ̀ egungun àyà, èyí tí ìka méjì lè gbà. A ó ti ìka ìfábẹ̀lá àti ìka àárín ọwọ́ òsì bọ ojú náà, a ó fi wọ́n gbé awọ ikùn sókè kúrò lára ìfun, a ó wá ki ọ̀bẹ sáàárín ìka méjèèjì, ojú rẹ̀ sókè, ẹ̀yìn rẹ̀ sí ọ̀dọ̀ ìfun, a ó sì máa rọra tì í lọ sísàlẹ̀. Gbogbo bí ọ̀bẹ ṣe ń lọ, ìka ló ń ṣíwájú rẹ̀, ìka náà ló sì ń sọ ibi tí ṣóńṣó wà fún wa.

Bí irin bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 10, ìka àti ṣóńṣó kò jìnnà síra wọn. Bí ó bá jẹ́ 18, ṣóńṣó ti lọ síbi tí ìka kò dé tí ojú kò sì ríran, yóò gún ìfun tàbí àpò ìtọ̀, tàbí kó bẹ́ òróòro, ẹran tí òróòro bá sì ti dà sí kì í bọ́ nínú ìkorò bó ti wù kí a fi omi ṣàn án tó. Ọ̀bẹ gígùn náà ló sì máa ń gé ọwọ́ òsì, nítorí pé ẹni tó mú un dání kò lè sún ọwọ́ mọ́ ibi tí iṣẹ́ wà, a jẹ́ pé yóò máa fi agbára ṣe ohun tó yẹ kó fi ìrọ̀rùn ṣe. Nígbà tí mo bá ń wo àwọn àgbà ọdẹ, ohun tí mo máa ń rí ni pé ọ̀bẹ tí wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ ẹran máa ń kéré débi pé ọwọ́ wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ bò ó tán.

Ṣé ìwọ̀n kan náà ló bá gbogbo ẹran mu?

Rárá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìyàtọ̀ rẹ̀ kò tó bí àwọn èèyàn ṣe rò. Irin sẹ̀ǹtímítà 6 sí 8 ti tó fún àparò, awó, òkété àti ehoro. Ìwọ̀n tí mo dárúkọ níbẹ̀rẹ̀ ló bá ọ̀yà àti etu mu. Fún ìgalà tàbí túrùkú, tí ẹyọ kan rẹ̀ lè tó ẹrù ọkùnrin méjì, irin sẹ̀ǹtímítà 11 sí 13 yóò dín wàhálà kù, nítorí pé ó gbọ́dọ̀ gba inú ẹran itan tó nípọn kọjá kó tó kan oríkèé. Oríkèé náà ni a sì ń wá: ọ̀bẹ kì í gé egungun, ibi tí egungun ti pàdé egungun ló ń gbà wọlé. Ẹni tó bá mọ oríkèé dunjú yóò fi ọ̀bẹ kékeré tú ìgalà palẹ̀, ẹni tí kò bá sì mọ̀ ọ́n yóò fi àdá ṣe é tì.

Ọ̀rọ̀ kan wà níbí tí mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́. Ọ̀pọ̀ ìmọ̀ràn tí ẹ máa kà láti òkè òkun lórí ọ̀bẹ ọdẹ, awọ ni wọ́n ní lọ́kàn. Ní Amẹ́ríkà àti Yúróòpù, wọ́n máa ń bó awọ àgbọ̀nrín kúrò lódindi, nítorí náà wọ́n fẹ́ràn ọ̀bẹ tó fẹ̀, tí ojú rẹ̀ yọ ikùn róbótó níwájú, èyí tó máa ń fọ́n awọ kúrò lára ẹran láìgún un. Ní ti àwa, iná la fi ń wi ẹran ìgbẹ́ wa, a sì ń jẹ awọ rẹ̀ mọ́ ọn. Iṣẹ́ tí ọ̀bẹ tiwa ń ṣe ni kó họ ara ẹran tí a wì, kó la inú, kó sì tú oríkèé. Ọ̀bẹ tí ojú rẹ̀ tọ́, tí ṣóńṣó rẹ̀ tín-ín-rín díẹ̀, ló bá iṣẹ́ yìí mu jù. Àyàfi ẹni tó bá fẹ́ tọ́jú awọ ìgalà láti fi ṣe àpò tàbí ìlù ni kó wá ọ̀bẹ oníkùn róbótó yẹn.

Àwa kì í dọdẹ. Àgọ́ la fẹ́ lọ pa fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta. Ọ̀bẹ wo ló tọ́ sí wa?

Igi ni ọ̀bẹ àgọ́ máa ń bá jà ju ẹran lọ: ẹ ó fi gbẹ́ èèkàn, ẹ ó fi gé okùn, ẹ ó fi bẹ iṣu, ẹ ó sì fi la igi wẹ́wẹ́ tí iná yóò kọ́kọ́ ràn mọ́. Nítorí náà, irin sẹ̀ǹtímítà 10 sí 12 ni mo máa ń sọ, kí ẹ sì wo bó ṣe nípọn tó. Irin tó nípọn tó mìlímítà 2.5 dára fún ẹran, ṣùgbọ́n 3 sí 4 ló yẹ fún ẹni tó fẹ́ la igi.

Bí a ṣe ń fi ọ̀bẹ la igi ni pé a ó nà igi náà ró, a ó gbé ojú ọ̀bẹ lé orí rẹ̀, a ó sì máa fi kùmọ̀ kékeré lu ẹ̀yìn ọ̀bẹ náà títí yóò fi wọlé. Nígbà tí irin bá ti wọnú igi tán, ṣóńṣó tó yọ jáde lódìkejì ni kùmọ̀ yóò máa bá. Ẹ ó rí i pé igi tí ẹ lè là gbọ́dọ̀ kéré ju gígùn irin lọ dáadáa. Irin sẹ̀ǹtímítà 10 yóò la igi tó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 6 tàbí 7, èyí tó sì tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ, ti àdá tàbí àáké ni.

Ẹ̀yin tó ń lọ wo ẹranko ní ọgbà ìjọba àpapọ̀ ti Ọ̀yọ́ Àtijọ́, ẹ rántí pé ọdẹ ṣíṣe jẹ́ èèwọ̀ níbẹ̀. Ẹ gbé ọ̀bẹ ìdáná lọ, kí ẹ sì fi í han àwọn ẹ̀ṣọ́ ọgbà lẹ́nu ọ̀nà kí wọ́n tó bi yín.

Mo ti ní àdá. Ṣé kò tó?

Àdá kò lè rọ́pò ọ̀bẹ, ọ̀bẹ kò sì lè rọ́pò àdá. Àdá tí irin rẹ̀ tó íńṣì 18 sí 22 ni a fi ń la ọ̀nà, tí a fi ń gé ẹ̀ka, tí a sì fi ń ṣán ibi tí a ó sùn sí. Àwọn òbí wa mọ àdá tí wọ́n ya ọ̀nì sí lára, tí iléeṣẹ́ Martindale ní Birmingham fi gba orúkọ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, wọn kì í sì í lọ oko láìmú un dání. Ṣùgbọ́n ẹ lọ bi wọ́n, ọ̀bẹ kékeré wà nínú àpò wọn pẹ̀lú. Bí owó yín bá mọ níwọ̀n, ẹ ra ọ̀bẹ kékeré tó dára àti àdá tí kò wọ́n, kí ẹ má fi owó méjèèjì ra ọ̀bẹ ńlá kan tí kò kúrú tó fún ẹran, tí kò sì wúwo tó fún igi.

Mo rí ọ̀bẹ ńlá kan tó ní eyín ayùn lẹ́yìn, tí inú èèkù rẹ̀ ṣófo fún abẹ́rẹ́ àti ìṣáná. Ṣé kí n rà á?

Ẹ má rà á. Mo ra irú rẹ̀ nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún mọ́kànlélógún, irin rẹ̀ tó íńṣì 8, inú mi sì dùn sí i púpọ̀. Alẹ́ kejì tí a sùn ní abà ni òjò rọ̀, mo fẹ́ la igi gbígbẹ kan kí a lè rí iná dá, mo lu ẹ̀yìn ọ̀bẹ náà lẹ́ẹ̀mẹta péré, irin sì já kúrò lára èèkù. Ìdajì tó já náà fò kọjá etí ẹ̀gbọ́n mi tó jókòó sí òdìkejì. Kò bá a, mo dúpẹ́, ṣùgbọ́n títí di òní mo ṣì ń gbọ́ ìró rẹ̀ bó ṣe ba ògiri abà.

Ohun tó fà á ni pé, nígbà tí inú èèkù bá ṣófo, kò sí irin kankan nínú rẹ̀. Ìdákọ́ kékeré kan ló so ọ̀bẹ mọ́ ọn. Ọ̀bẹ tó ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé ni èyí tí irin rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo láti ṣóńṣó títí dé ìdí èèkù, tí wọ́n wá fi igi tàbí rọ́bà há a lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì. Ẹ yí i sẹ́gbẹ̀ẹ́ ní ọjà, ẹ wo ẹ̀yìn èèkù rẹ̀: bí ẹ bá rí irin láàárín igi méjèèjì títí dé ìparí, ẹ ti rí ohun tí ẹ ń wá. Ní ti eyín ayùn tó wà lẹ́yìn rẹ̀, kì í gé igi, kì í sì í jẹ́ kí a lè fi àtàǹpàkò ti ẹ̀yìn ọ̀bẹ nígbà tí a bá ń ṣe iṣẹ́ tó gba ìfarabalẹ̀.

Ọ̀bẹ tó ń ká wọ inú èèkù ńkọ́?

Ó dára gẹ́gẹ́ bí igbá-kejì. Opinel ti ilẹ̀ Faransé, tí wọ́n ti ń ṣe láti ọdún 1890, ní nọ́ńbà 8 tí irin rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 8.5, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má wúwo rárá, ó sì mú bí abẹ. Igi ni èèkù rẹ̀, nítorí náà ó máa ń wú bí òjò bá pa á, yóò wá nira láti ṣí. Buck 110 ti Amẹ́ríkà, tó jáde ní àwọn ọdún 1960, ní irin íńṣì 3.75, ọ̀pọ̀ ọdẹ níbẹ̀ sì ń lò ó fún àgbọ̀nrín. Àléébù gbogbo wọn ni pé ẹ̀jẹ̀, ọ̀rá àti irun máa ń wọ oríkèé ọ̀bẹ náà, ẹni tí kò bá sì fọ̀ ọ́ dénú yóò máa gbọ́ òórùn rẹ̀ nínú àpò lọ́jọ́ kẹta. Ẹ má fi irú rẹ̀ la igi láé.

Irin wo ló dára jù fún ojú ọjọ́ tiwa?

Oríṣi méjì ló wà: irin tí kì í tètè dípẹtà, àti irin dúdú tí ń dípẹtà. Irin dúdú rọrùn láti pọ́n, ó sì máa ń mú gan-an, ṣùgbọ́n bí a bá fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ lára rẹ̀ di àárọ̀, ìpẹtà ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ẹni tó ń gbé ní Èkó, Bàdágìrì tàbí ibòmíràn tí atẹ́gùn òkun ti ń fẹ́, kó ra èyí tí kì í tètè dípẹtà. Ọ̀bẹ Mora Companion láti ilẹ̀ Sweden wà ní oríṣi méjèèjì: irin rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 10.4, ó nípọn tó mìlímítà 2 sí 2.5, owó rẹ̀ kò sì ga. Irin rẹ̀ kò dé ìdí èèkù, nítorí náà ẹran àti igi wẹ́wẹ́ ni kí ẹ fi í mọ sí.

Mi ò gbàgbé alágbẹ̀dẹ wa o. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ń fi sípíríǹgì ọkọ̀ akẹ́rù tó ti ṣẹ́ rọ ọ̀bẹ, irin náà sì lágbára púpọ̀. Ohun tó yẹ kí ẹ bá alágbẹ̀dẹ sọ kó tó fẹ́ iná ni gígùn àti bó ṣe máa nípọn tó, nítorí pé bí ẹ kò bá sọ ọ́, yóò rọ ọ́ nípọn bí àdá. Ẹ gbé igi pẹlẹbẹ tí ẹ ti gbẹ́ ní ìwọ̀n gan-an tí ẹ fẹ́ lọ fún un. Ọ̀bẹ tí mo fẹ́ràn jù láyé mi, bí mo ṣe gbà á nìyẹn.

Kí ni kí a wò nípa èèkù àti àkọ̀?

Èèkù gbọ́dọ̀ gba ìka mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ọmọńdinrín má máa fì síta. Sẹ̀ǹtímítà 11 sí 12 tó fún ọ̀pọ̀ àgbàlagbà. Ẹ fi omi ọṣẹ pa ọwọ́, kí ẹ wá di èèkù náà mú: bó ṣe ń yọ̀ lọ́wọ́ yín nígbà náà ni yóò ṣe máa yọ̀ nígbà tí ẹ̀jẹ̀ bá dé. Ó yẹ kí iwájú èèkù wú díẹ̀, kó lè dá ìka dúró kó má bàa sún lọ bá ojú ọ̀bẹ.

Ní ti àkọ̀, awọ lẹ́wà, ṣùgbọ́n ó ń fa omi mu, ike kò sì lẹ́wà, ṣùgbọ́n ó ń gbẹ kíákíá. Òwe sọ pé idà ń wó ilé ara rẹ̀, ó ní òun ń ba àkọ̀ jẹ́. Ní àsìkò òjò, àkọ̀ awọ tó tutù ló ń ba ọ̀bẹ jẹ́. Ẹ yọ ọ̀bẹ síta bí ẹ bá ti dé ilé, ẹ nù ún gbẹ, ẹ fi òróró díẹ̀ pa á, kí ẹ sì tọ́jú òun àti àkọ̀ rẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Báwo ni a ṣe ń pọ́n ọ̀bẹ kékeré báyìí?

Ẹ gbé e lé òkúta ìpọ́n ní ìdàgẹ̀rẹ̀ tó tó dígírì 20 lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí kò mọ ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, kó mú igun bébà kan, kó ṣẹ́ ẹ po sí méjì, kó tún un ṣẹ́ sí méjì sí i: igun tó kù yẹn ti sún mọ́ ọn. Iye ìgbà tí ẹ bá fà á ní apá ọ̀tún ni kí ẹ fà á ní apá òsì. Bí ẹ bá wà nínú igbó tí kò sí òkúta, ẹ dojú ife tángaran dé, ìdí rẹ̀ tí kò dán yẹn yóò pọ́n ọ̀bẹ fún yín. Ọ̀bẹ tó mú yóò gé bébà tí a gbé dání láìfà á ya. Ọ̀bẹ tó kú ló máa ń ṣe èèyàn léṣe jù, nítorí agbára tí a ń fi kún un.

Ìlú Britain ni mo ń gbé. Ṣé mo lè mú irú ọ̀bẹ yìí dání lọ sí àgọ́?

Òfin ibẹ̀ fàyè gba ọ̀bẹ tó ń ká, tí kò ní ìdákọ́ tó ń há irin mọ́ bí a bá ti ṣí i, tí ojú rẹ̀ kò sì ju íńṣì 3 lọ, láìjẹ́ pé ẹ ṣàlàyé fún ẹnikẹ́ni. Ọ̀bẹ tí kì í ká, tàbí èyí tó ń ká ṣùgbọ́n tó ní ìdákọ́, bó ti wù kó kéré tó, gbọ́dọ̀ ní ìdí gúnmọ́ kí ẹ tó mú un jáde sí ìgboro. Lílọ pàgọ́ lè jẹ́ ìdí bẹ́ẹ̀ ní ọjọ́ tí ẹ ń lọ àti ọjọ́ tí ẹ ń bọ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbàgbé rẹ̀ sínú mọ́tò fún ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, ìdí náà ti tán. Láti ọjọ́ 24 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024 ni wọ́n sì ti fòfin de oríṣi ọ̀bẹ àti àdá kan ní England àti Wales, àwọn tí irin wọn ju íńṣì 8 lọ, tí ṣóńṣó wọn mú, tí wọ́n sì tún ní nǹkan bí eyín ayùn gígùn lára. Ẹ rí i pé ọ̀bẹ ńlá tí mo ní kí ẹ má rà yẹn tún lè kó yín sí wàhálà níbẹ̀.

Bí ẹ bá ń wọ bàálù, inú ẹrù tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ yín ni kí ọ̀bẹ wà, nínú àkọ̀ rẹ̀, kó má sí nínú báàgì ọwọ́.

Ọmọ mi ọmọ ọdún mẹ́wàá ń tẹ̀ lé mi lọ sí oko. Ṣé mo lè fún un ní ọ̀bẹ?

Bí ẹ bá máa jókòó tì í, bẹ́ẹ̀ ni. Irin sẹ̀ǹtímítà 6 sí 7, èèkù tó bá ọwọ́ rẹ̀ mu, kí ṣóńṣó rẹ̀ má mú jù. Kí ó jókòó kó tó yọ ọ́ nínú àkọ̀, kí ó máa gé nǹkan kúrò lọ́dọ̀ ara rẹ̀, kí ó sì máa fi èèkù ṣíwájú bó bá ń na ọ̀bẹ sí àgbà. Kí ẹ kọ́ ọ láti máa sọ nígbà tó bá ti bọ ọ̀bẹ padà sínú àkọ̀.

Kí ni ẹ̀yin fúnra yín ń mú lọ?

Àdá íńṣì 18 wà ní ọwọ́ mi. Ọ̀bẹ alágbẹ̀dẹ tí irin rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 10, tó nípọn tó mìlímítà 3, wà ní ìgbáròkó ọ̀tún, nínú àkọ̀ ike tí mo gé lára jálá epo àtijọ́, tí mo sì fi iná tẹ̀. Inú àpò gbérí mi ni òkúta ìpọ́n tí kò tó ìka méjì wà, pẹ̀lú àkísà tí mo fi òróró rin, àti ìbọ̀wọ́ rọ́bà méjì tí mo máa ń wọ̀ kí n tó la inú ẹran, nítorí pé ojú egbò kékeré kan kì í wọ́n lọ́wọ́ ọdẹ, mi ò sì fẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ ẹran ìgbẹ́ bá a.